Láti Jẹ́bà dé Agége: Mo tọ ipasẹ̀ màlúù ojú irin ìgbà ogun Hitler

Ẹni tó bá ń sọ ìtàn rélùwéè wa nígbà ogun Hitler, ẹ̀pà Kánò ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Lẹ́yìn ìyẹn ni tin tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Jos, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn sójà tó wọkọ̀ lọ sétíkun kí wọ́n tó kó wọn lọ jà ní Bọ́mà, nílẹ̀ Éṣíà. Màlúù kì í sábà sí nínú ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀, láti 1939 títí di 1945, ará Èkó ń jẹ ẹran, ará Ìbàdàn ń jẹ ẹran, àwọn sójà inú bárékè ń jẹ ẹran, orí irin tóóró kan náà sì ni púpọ̀ nínú ẹran ọ̀hún dúró lé kí ó tó dórí àtẹ. Ẹnì kan ló dúró tì í nínú wágọ̀nù. Ẹnì kan ló bu omi fún un. Àwọn ẹni wọ̀nyẹn ni mo wá lọ.

Ìdílé alápatà ni wọ́n bí bàbá mi sí, ó sì ti pẹ́ tí ìrìn yìí ti ń wù mí. Bí màlúù ṣe rìn ín ni mo fẹ́ rìn ín, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Jẹ́bà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí irin ti sọdá odò Ọya, nítorí ọ̀nà Mọ́kwá sókè kò fọkàn ẹni balẹ̀ lásìkò tí mo lọ.

Ajé, ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní, 2025: Jẹ́bà

Ọyẹ́ mú gan-an. Òkè olókùúta tó dá dúró láàárín odò, èyí tí àwọn Núpé ń pè ní Ketsa, kò hàn tán títí oòrùn fi mú. Mo fi ìbòrí mi bo imú, mo rìn lọ síbi afárá.

Ọdún 1909 ni irin tó ti Èkó wá dé etí odò yìí. Afárá kò tíì sí lórí ẹ̀ka odò tó wà níhà gúúsù nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágọ̀nù sọdá tòun tẹrù inú rẹ̀. Ìgbà tó di 1916 ni afárá yẹn parí, tí ọkọ̀ fi lè ti Kánò wá sí Èkó láì tún wọ ojú omi. Wọ́n na ẹ̀ka irin kan dé Kaura Namoda ní 1929, òmíràn dé Nguru ní 1930. Ẹ wo àwọn ìlú méjèèjì yìí lórí máàpù: àárín àwọn Fúlàní ẹlẹ́ran gan-an ni. Nítorí náà, nígbà tí ogun dé, ojú irin ti wà nílẹ̀ láti ẹnu ọgbà màlúù títí dé Iddo, sítéṣọ̀n ìpẹ̀kun ní Èkó.

Wọ́n júwe bàbá kan fún mi nítòsí sítéṣọ̀n. Wọ́n ní ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àti pé bàbá tó bí i wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Mo bá a níwájú ilé lórí àga onígi, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti fún ọ lómi?”

Wọ́n gbé omi wá. Mo mu ún tán kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ pé ti màlúù ni mò ń bèèrè, kì í ṣe ti afárá.

“Ọkọ̀ màlúù, òórùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ dé. Tí a bá ti gbóòórùn rẹ̀, àwa ọmọdé á gbé garawa. Wọn á ya ọkọ̀ náà sórí irin ẹ̀gbẹ́. Ó lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ̀ sójà á kọjá. Ọkọ̀ ẹ̀pà á kọjá. Ọkọ̀ òyìnbó á kọjá. Òùngbẹ ń gbẹ màlúù. Àwọn Mállàm tó tẹ̀ lé wọn á na ọwọ́ jáde láàárín pákó, ‘Ruwa! Ruwa!’ A ó sáré lọ pọnmi, a ó gbé e fún wọn. Tí o bá pọn ún títí ó fi rẹ̀ ọ́, wọn á fún ọ ní kọ́bọ̀ kan.”

Mo bi í pé ta ló ń san kọ́bọ̀ náà, ṣé ìjọba ni àbí ẹni tó ni màlúù.

“Àpò Mállàm ni. Inú àpò tirẹ̀ ló ti ń yọ ọ́.”

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí irin wa ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà: ìlà kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ̀ méjì kò lè yẹra fún ara wọn àfi ní sítéṣọ̀n tó bá ní irin ẹ̀gbẹ́. Dírẹ́bà kò sì gbọdọ̀ kúrò ní sítéṣọ̀n láìgba àmì àṣẹ lọ́wọ́ sitéṣọ̀n máṣítà. Inú àpò awọ kan tó ní òrùka ńlá ni àmì náà máa ń wà. Bàbá na apá rẹ̀ ọ̀tún, ó ká ìgúnpá, ó fi hàn mí bí ẹni tó ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń fi apá gba òrùka náà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí àmì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ojú irin. Nígbà ogun, bí Bàbá ṣe wí, ọkọ̀ màlúù ló ń gbà á kẹ́yìn.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Jẹ́bà, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá tó wà lẹ́bàá títì. Èyí tí wọ́n fi èéfín yan, tó tó ìbú ọwọ́ méjì, ₦3,500 ni mo ra tèmi lẹ́yìn ìnájà. Ẹ má ṣe ya fọ́tò afárá láìbi àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní rárá, mo sì fi fóònù mi pamọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14: Jẹ́bà sí Ìlọrin

Ọ̀nà yìí kò dára. Tírélà tò lọ, tírélà tò bọ̀, kòtò sì wà níbi tí títì yẹ kó wà. Kí a tó dé Bódè Sàádù ni táyà ẹ̀yìn mótò wa bẹ́. Jáàkì dírẹ́bà kò gbé mótò náà nílẹ̀ dáadáa, èrò márùn-ún sì dúró sójú oòrùn, ìyá ọlọ́mọ kan wà láàárín wa.

Tírélà màlúù kan ló dúró. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Dírẹ́bà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó gbé jáàkì ńlá jáde, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mótò wa fúnra rẹ̀, nínú aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n parí, dírẹ́bà wa yọ owó, ọkùnrin náà mi orí, ó ní kí a fi ra bisikíìtì fún ọmọ ìyá yẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ́nà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe táyà, mo lọ wo màlúù tó kó. Funfun ni púpọ̀ nínú wọn, ìwo gígùn, iké lẹ́yìn. Wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí kò fi sí àyè láti yí. Lókè orí wọn ni wọ́n so igi gbọọrọ mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì sì jókòó lórí igi náà, ẹsẹ̀ wọn ń fì lẹ́yìn màlúù. Ọ̀kan nínú màlúù náà fẹ́ kúnlẹ̀. Kíá ni ọmọkùnrin tó sún mọ́ ọn fò wọlé sáàárín wọn, ó di ìrù rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ, ó ń kígbe sí i létí, títí ó fi dìde. Ó fi èjìká ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó gun òkè padà. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn tó kù á tẹ̀ ẹ́ pa. Iṣẹ́ tí Bàbá Jẹ́bà sọ fún mi lánàá nìyí gan-an: irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà nínú wágọ̀nù, láàárín bí ogún màlúù, lọ́sàn-án lóru.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kàn dà wọ́n wá. Wọ́n ń dà wọ́n wá náà. Kí rélùwéè tó dé, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó dé, ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń rìn wá sí Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, ìrìn náà sì ń gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú igbó tó wà ní ìsàlẹ̀ Ọya ni eṣinṣin tsetse ń gbé, èyí tó ń kó àrùn oorun sísùn ran ènìyàn. Màlúù oníké tó ti òkè wá kò lágbára láti kojú àrùn tí eṣinṣin yẹn ń fi sí i lára. Yóò máa rù, irun rẹ̀ á máa le, á sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Alápatà ní láti pa á kí àrùn tó pa á. Ọkọ̀ ojú irin gba inú igbó yẹn kọjá ní ọjọ́ díẹ̀, ẹran sì ń dé pẹ̀lú ọ̀rá lára. Ìdí nìyẹn tí màlúù ojú irin fi ń wọ́n ju màlúù ẹlẹ́sẹ̀ lọ lọ́jà.

Ewu kejì ni àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní rinderpest. Ó run màlúù Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún débi pé àwọn Fúlàní kan pàdánù gbogbo agbo wọn. Vom, lẹ́bàá Jos, ni ìjọba kọ́ ilé ìwádìí sí ní 1924 láti máa ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2011 ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti kúrò láyé pátápátá. Ẹni tó bá ń kó màlúù sọ̀kalẹ̀ nígbà ogun, ẹ̀rù àrùn yẹn wà lọ́kàn rẹ̀ bí ẹ̀rù bọ́ǹbù ṣe wà lọ́kàn ará Lọ́ńdọ̀nù.

A wọ Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ wàrà díndín pẹ̀lú ata lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan, ₦200 ẹyọ kan. Ẹ rí i pé ẹ kúrò ní Jẹ́bà kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 15: Ọ̀fà, Ọ̀ṣogbo

Rédíò inú mótò ń sọ ètò ìrántí àwọn ológun. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìrántí náà ní òní, ṣùgbọ́n àwọn tó kú ní ogun àgbáyé méjèèjì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Bọ́mà. Mo bu ọlá fún wọn. Ó sì ń dùn mí pé lọ́jọ́ bí òní, kò sẹ́ni tó ń rántí Mállàm tó fi àpò ara rẹ̀ ra omi fún ẹran tí àwọn sójà yẹn jẹ. Òun náà wà lójú ogun ní ọ̀nà tirẹ̀.

Mo dúró díẹ̀ ní Ọ̀fà. Ẹ mọ̀ pé ìlú ànàmọ́ ni. Èyí tí mo jẹ ṣì gbóná, wọ́n dín in pẹ̀lú epo pupa, ₦500 ni mo fi rà á, ó sì yó mi dọ̀sán. Ibi ìdúró ọkọ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, koríko ti bo ẹsẹ̀ irin. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jẹ́ kí n wọlé, ó sì tẹ̀ lé mi káàkiri. Ó ní ìgbà ọdún Iléyá ni òun ṣì ń rí èrò níbẹ̀ láyé ìgbà tí ìjọba Ọ̀ṣun ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sí Ọ̀ṣogbo.

Ọ̀ṣogbo ni mo ti rí ohun tí mo wá. Irin ti dé ìlú yìí láti 1907. Ní àdúgbò tó sún mọ́ sítéṣọ̀n, mo bá ìyá kan tó ń ta àgbo. Bàbá rẹ̀ ni alápatà tí àwọn ará rélùwéè máa ń pè nígbà ogun. Mo bi í pé wọ́n ń pè é sí kí ni. Ó fi ìgò tó ń dì sílẹ̀.

“Màlúù tó bá fẹ́ kú nínú ọkọ̀ ni. Ọmọ ìyá mi, ìwọ náà mọ̀ pé ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀kan ń mí gúlegúle, kí ọkọ̀ tó dúró tán ni ẹnì kan á ti máa sáré bọ̀ nílé wa. Bàbá mi kì í tú aṣọ sùn lóru nígbà náà. Abẹ́ ẹní ni ọ̀bẹ rẹ̀ ń wà.”

Ó ní òun máa ń gbé àtùpà tẹ̀ lé e. Inú wágọ̀nù ṣókùnkùn, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù ga dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn màlúù tó kù ń ta nípàá. Wọn á so okùn mọ́ ìwo èyí tó dùbúlẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún á fà á dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ á dojú rẹ̀ kọ Kíbílà, á sọ Bísímílláì, á sì dú u. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ará àdúgbò ti tò síbẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, nítorí ẹran tí a kò gbèrò láti pa ni. “Àwa ọmọ rélùwéè jẹ ṣàkì nígbà ogun tí àwọn ọmọ olówó kò rí jẹ,” ó wí bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Darandaran tó wà nínú wágọ̀nù kò mọ̀wé. Tó bá dé Ìbàdàn tí màlúù kan bá dín, kí ló máa fi hàn pé kì í ṣe òun ló tà á? Wọ́n á gé awọ ibi tí àmì olówó rẹ̀ wà, wọ́n á fi iyọ̀ ra á, á ká a sínú àpò. Iyọ̀ pàápàá wọ́n nígbà ogun. Ìyá ní bàbá òun ní agolo iyọ̀ kan tó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, kò sì gba owó rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo sùn sí Ọ̀ṣogbo. Ilé ìtura náà mọ́, ₦12,000, iná wà títí di aago mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16: Ìbàdàn

Mo gba Ìwó wọlé. Sítéṣọ̀n Dùgbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí níbẹ̀ ni irin wọ Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, mo wo ògiri rẹ̀, mo kọjá lọ sí Sábó.

Sábó Ìbàdàn, 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀, màlúù àti gbànja ló sì fi dúró. Aláàjì kan tí baba rẹ̀ jẹ́ màígídá gbà mí sílé. Ó sọ Yorùbá Ìbàdàn ju èmi lọ. Ó ṣàlàyé bí òwò náà ṣe ń lọ: oní-màlúù tó ti òkè wá kò mọ alápatà kankan níbí, alápatà náà kò sì ní owó lọ́wọ́ láti ra odindi màlúù. Màígídá ló wà láàárín. Ilé rẹ̀ ni oní-màlúù ń sùn, tó ń jẹun. Alápatà á gba màlúù ní àwìn, á pa á, á tà á, á sì san owó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Màígídá ló ń dúró fún un. Bí alápatà bá sá, màígídá ló jẹ gbèsè.

Oní-màlúù kì í sì í gbé owó lásán padà. Gbànja ló ń rà. Láti Agége, Ìfọ̀ àti agbègbè Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń di gbànja sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé e lọ sí Kánò. Màlúù ń bọ̀, obì ń lọ, lórí irin kan náà. Ìgbà ogun dé, pẹtiróòlù di ohun tí ìjọba ń pín, táyà kò wọlé dáadáa nítorí àwọn Jámánì ń ri ọkọ̀ lójú òkun, lọ́rì kò lè ṣe púpọ̀. Irin nìkan ló kù. Ìjọba òyìnbó sì nílò irin náà: àwọn Japan gba Màláyà, níbi tí òyìnbó ti ń rí tin tẹ́lẹ̀, ní 1942, tin Jos wá di ohun tí wọn ò lè ṣe láìní, wọ́n sì fi tipátipá kó àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000 láti gbogbo òkè lọ wà á. Ẹ̀pà, ekuro, tin, sójà, gbogbo wọn fẹ́ wágọ̀nù. Màlúù àti obì tó ń bọ́ àwa ará ilé ló ń dúró lórí irin ẹ̀gbẹ́.

Mo bi Aláàjì pé kí ni àwọn màígídá ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́. Ó ní, “Wọ́n ń san owó oúnjẹ àlejò lọ. Àlejò tí màlúù rẹ̀ kò tíì dé kò lè san nǹkan kan. Baba mi ní ẹni mẹ́sàn-án nílé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mi ń se tùwó láti òru.”

Ọ̀wọ́n wà níbi gbogbo. Ní Èkó, Kápténì Pullen ni ìjọba fi ṣe alákòóso oúnjẹ, ó fi iye lé oúnjẹ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kò mú oúnjẹ pọ̀, ńṣe ló lé e wọ ọjà òru. Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà, olórí àwọn ìyálọ́jà Èkó, kọ̀ jálẹ̀, kò sì bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n. Mo gbà pé òun ló mòótọ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè mọ iye tí omi Jẹ́bà àti iyọ̀ Ọ̀ṣogbo fi kún owó ẹran kan.

Àmàlà ni mo fi pa ọjọ́ rẹ́, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú, ṣàkì àti fùkù. ₦2,800. Ẹ lọ kí aago méjì tó lù, gbẹ̀gìrì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹtì, ọjọ́ 17: Akínyẹlé

Ọjà màlúù Akínyẹlé ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó lọ sí Jímọ̀. Tírélà ló kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wá. Màlúù tó dúró dáadáa, ₦900,000 sókè. Oníṣòwò kan ní owó ọkọ̀ àti owó ọ̀nà ló ń pa wọ́n ju ohunkóhun lọ: lẹ́fì níhìn-ín, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, ìdúró lójú ọ̀nà. Mo bi í bóyá ó máa fi màlúù rẹ̀ ránṣẹ́ lórí irin tí irin bá padà. Ó ní òun á fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí ọmọkùnrin òun bá wọn wọ inú wágọ̀nù. Kò níí fi màlúù lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ Sẹ́ríkí ọjà kí ẹ tó ya fọ́tò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 18: Mọ́níyà, Abẹ́òkúta, Agége

Ọkọ̀ òwúrọ̀ láti sítéṣọ̀n Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Irin tuntun nìyí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, 157 kìlómítà láti Èkó sí Ìbàdàn. Ó fẹ̀ ju ti àtijọ́, ìlà rẹ̀ sì jẹ́ méjì, ọkọ̀ tó ń lọ kò ní í dúró de èyí tó ń bọ̀. Fèrèsé ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí kí oòrùn àárọ̀ má baà jó yín. Níbì kan kí a tó dé Abẹ́òkúta, irin àtijọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún wọgbó lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ ní sítéṣọ̀n Wọlé Ṣóyínká, mo jẹ ọ̀fàdà àti ọbẹ̀ ata, mo gba ọkọ̀ ọ̀sán lọ.

Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wà ní ìsinmi. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Michael Imoudu. Ẹbúté Mẹ́ta ni Imoudu ti ṣiṣẹ́, òun ló ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti béèrè owó ọ̀wọ́n, ìyẹn àfikún owó iṣẹ́ nítorí ọjà tó wọ́n, nígbà ogun. Ìjọba mú un ní 1943, wọ́n lé e lọ sí Auchi. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945, nígbà tó sì di òpin oṣù kẹfà ọdún náà, iṣẹ́ ti dúró káàkiri Nàìjíríà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ogun ti parí ní Yúróòpù, àwọn Japan kò tíì juwọ́ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ tí àwọn gáàdì, àwọn tó ń dáná, àwọn tó ń tún irin ṣe ń gbà kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó gàrí ti ga kọjá ohun tí ọwọ́ wọn lè tó. Mo rò ó pé bàbá Bàbá Jẹ́bà wà lára wọn. Èmi gbà pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn tọ́.

Agége kún. Mo wọ Márúwá lọ sí Òkò-Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ₦400. Àwọn alápatà ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń fi omi fọ ilẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta pọ̀nmọ́ fún mi ní àpótí kí n jókòó, nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ mi ti wú. Kìlò ẹran, ₦6,000 ni wọ́n ń pè é. Mo bi alápatà kan tí orí rẹ̀ ti funfun bóyá ó bá màlúù ojú irin láyé. Ó ní òun bá a nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni pátákò rẹ̀: ti ẹlẹ́sẹ̀ ti jẹ tán, ti ojú irin ṣì mú. Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ màlúù kan tó wà nílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ́ka sí etí pátákò náà kí n lè rí ohun tó ń sọ. Ti tírélà ni o, ó ṣì mú, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó.

Jẹ́bà sókè ló kù: Minna, Kàdúná, Zaria, Kánò, Nguru. Tí ẹ bá mọ àgbà kan tó bá màlúù wọ wágọ̀nù rí, tàbí tí bàbá rẹ̀ bá wọn wọ̀ ọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lọ bá wọn jókòó, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa omi, ẹ bi wọ́n nípa iyọ̀, kí ẹ sì bèèrè ẹni tó ń san owó rẹ̀.